Bàbá Oníná àti Wáyà Ṣọ́ọ̀ṣì

Fún odidi òru kan, ọkùnrin ni mí. Bàbá àgbà mi ló kéde rẹ̀ fún gbogbo òpópó wa ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò, òun náà sì ni ojú tì nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Rákẹ́lì ni mò ń jẹ́ nílé ìwé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọkùnrin tó sọ mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ń pè mí títí tó fi kú. Bó bá ti pariwo "Babátúndé" láti ẹnu ọ̀nà, èmi onírun dídì, onígèlè kékeré, ni màá sáré jáde. Àwọn àlejò á máa wò mí, wọ́n á sì máa wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

Nígbà tó kú, àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n sì sọ oríṣiríṣi nípa rẹ̀. Wọ́n ní onísùúrù ni. Irọ́ ni. Wọ́n ní kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Irọ́ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ nìyẹn, torí ó bá ìdérí ìkòkò jà, ó bá pásítọ̀ jà, ó sì bá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa jà fún ọdún mẹ́ta. N kò fẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó bá wọn ṣiṣẹ́ réluwéè díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ iná mànàmáná, tó ń gun òpó, tó ń so wáyà. Ìyẹn tó. Mo kàn fẹ́ sọ bó ṣe rí, kí n tó gbàgbé.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nípọn, ó sì le, kò sì sí ohun tí kì í gbé e lé. Ó ń gbé e lé ẹ̀yìn redíò, ó ń gbé e lé ìdè ilẹ̀kùn, ó ń gbé e lé iwájú orí gbogbo ọmọ tó bá kọjá. Ooru ló ń wá. Bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ nìyẹn: Màlámù Audu, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á lọ pa iná ní ìdí tiransifọ́mà, bàbá àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní bàbá, á gun àkàbà lọ, á sì fọwọ́ kan gbogbo ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó tutù.

"Iná kì í ṣàdédé dínkù," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ojú ọ̀nà ló ti ń sọnù. Ibi tó bá gbóná, ibẹ̀ ló ti ń jò."

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Gbogbo iná tó bá kúrò ní ìdí tiransifọ́mà kọ́ ló ń dé ilé. Bí ibi tí wọ́n so wáyà sí bá dẹ̀, tàbí tí wọ́n di ẹrù lé wáyà kan ju agbára rẹ̀ lọ, wáyà náà á gbóná, ooru yẹn gan-an sì ni ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé yàrá ẹni tó ń gbé ní ìparí òpópó. Àwọn tó wà nítòsí tiransifọ́mà kò ní mọ̀. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún ni ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn. Nítorí náà bàbá kórìíra ohunkóhun tó bá dẹ̀. Ó máa ń fún ìdérí ìgò mọ́lẹ̀ débi pé Ìyá Àgbà ní láti ké sí ọkùnrin mìíràn kó wá bá a ṣí epo.

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kì í lè se ọbẹ̀ kó má ṣí i wò. Bó bá ti ṣí i báyìí, bàbá á gbọ́ ọ láti pálọ̀.

"Ìyá Sámú, ooru yẹn ń jò."

"Ẹnu yín náà ń jò, Bàbá Sámú. Ẹ kọ́kọ́ dé ìyẹn ná."

Bàbá á dìde, á wọ ilé ìdáná lọ, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ dé ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdérí máa ń jó o níka, òun á sì máa fi ìka náà sẹ́yìn kiri ilé bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa. Pásítọ̀ jẹ́ èèyàn rere, ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn ọmọdé á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á sì tún sùn. Ní ọjọ́ kan tó wá gbàdúrà sílé wa, bàbá dúró títí ó fi ṣe àmín, ó wá ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Wáyà àdúrà yín gùn jù. Kó tó dé ọ̀run, ìdajì rẹ̀ á ti sọnù lójú ọ̀nà."

Pásítọ̀ kò bínú. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó ní, "Bàbá Sámú, ọ̀run ò jìnnà tó bí ẹ ṣe rò."

Èmi náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò ń gbọ́ Yorùbá ní àgbọ́yé, ṣùgbọ́n Hausa ló máa ń sáré jáde lẹ́nu wa. Bàbá béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Babátúndé, ta ló gbé púláyà mi?" Mo ní, "Ban sani ba, Baba," pé n kò mọ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé etí mi, ó gbé e lé ọ̀fun mi, ó ń wá ibi tó gbóná. Ó ní, "Yorùbá ni mo fi ránṣẹ́, Hausa ló dé. Níbo ni tèmi sọnù sí?" Màlámù Audu wà níbẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Haba Baba," ó ní, "ọ̀rọ̀ ṣáà dé." Yorùbá tó dáa ju tèmi lọ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dun bàbá jù.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń wá ibi tó ń jò lára gbogbo èèyàn yìí ní ibi tí òun náà ti ń jò. Kò lè sọ fún àgbàlagbà pé rárá. Bó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni, á bá a jiyàn títí di àṣálẹ́. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ funfun ni, á ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí bàbá arúgbó kan jókòó sí pálọ̀ wa, kó pè é ní "Jóẹ́lì ọmọ mi," ó tán.

Mo ní láti sọ bí òpó iná wa ṣe rí. Wáyà mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Mẹ́ta ń gbé iná lọ, ìkẹrin ń dá a padà. Wọ́n máa ń so ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, kí ẹrù lè pín dọ́gba. Ìyá kan náà ló bí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó dáa ju èkejì lọ. Ní ọdún kan kí wọ́n tó bí mi, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí páànù orí ilé kan, páànù náà sì fò lọ já wáyà méjì. Ìkẹta kò já, òun ló sì ń gbé iná lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Gbogbo òpópó wà lókùnkùn, àfi ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ilé bíi mélòó kan tó wà lórí wáyà rẹ̀. Nígbà tí ìsìn ìrọ̀lẹ́ parí, àwọn èèyàn jáde, wọ́n wo òkè, wọ́n sì gbà láàrin ara wọn pé Ọlọ́run ń ṣọ́ wáyà yẹn.

Wọ́n tún méjì tó já so, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìkẹta ní wáyà ṣọ́ọ̀ṣì. Díákónì tó ń gbé ìkejì ilé wa ló kọ́kọ́ dé, awó méjì lọ́wọ́ rẹ̀. "Jóẹ́lì ọmọ mi, gbé mi sórí wáyà Ọlọ́run." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá kan gbé obì wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlòmíràn gbé ẹran kílíṣí wá. Alhaji Sàáká, ará Ìlọrin tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, náà wọlé. Ó jókòó, ó tún agbádá ṣe, ó ní, "Jóẹ́lì, èmi ò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, ṣùgbọ́n èmi àti wáyà yín ò jà."

Bàbá mọ̀ ju gbogbo wọn lọ pé ọ̀rọ̀ asán ni. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wo ojú díákónì kó ní Ọlọ́run kò yan wáyà? Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ dúró kó ronú, ó ti pa awó. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe ń gun òpó, tó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé gbogbo òpópó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ mọ́ wáyà kan ṣoṣo, méjì tó kù sì wà lókè lásán, tí ẹyẹ ń bà lé.

Ẹni tó jìyà rẹ̀ ni Màmá Dọ́káàsì. Agbẹ̀bí ni. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn òpópó, yàrá iwájú rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin wa ti ń bímọ. Orí wáyà ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò gbé awó wá. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, tí gbogbo ilé tan iná, gílóòbù rẹ̀ á pọ́n bí ẹyin èédú tó fẹ́ kú. Ó ránṣẹ́ pe bàbá.

"Bàbá Sámú, mo ní láti tan fìtílà kí n tó rí gílóòbù yín."

Bàbá lọ, ó fún gbogbo ojú ìsowáyà mọ́lẹ̀. Kò yí padà. Ó tún lọ. Ó dá tiransifọ́mà lẹ́bi, ó dá eruku ọyẹ́ lẹ́bi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dá ojú Màmá Dọ́káàsì lẹ́bi. Ó ní àgbà ló ń dé sí wọn. Màmá Dọ́káàsì wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ojú yìí náà ni mo fi gbẹ̀bí ọmọ yín márààrún," ó ní, "nígbà tí kò sí gílóòbù kankan."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ìyá mi, ìyàwó Sámú ọmọ bàbá, rọbí mi. Ìrọ̀lẹ́ ni, ìgbà tí gbogbo ayé tan iná. Gíláàsì fìtílà Màmá Dọ́káàsì fọ́ nínú kìràkìtà, ó wá ku gílóòbù nìkan. Ó gbé mi sókè nínú ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn, ó rí ohun kan tó ń fì, ìwọ́ mi ni o, ó sì ní, "Ọkùnrin ni."

Bàbá tó bí bàbá àgbà mi ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Bàbá kò tilẹ̀ dúró kó rí mi. Ó gba òpópó lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ pé bàbá òun ti padà dé. Díákónì gbàdúrà fún ọmọkùnrin náà kó di alágbára bíi Sámúsónì. Alhaji Sàáká fi àgbò ránṣẹ́.

Ní àárọ̀, Ìyá Àgbà gbé mi bọ́ sí àgbàlá nínú oòrùn láti wẹ̀ mí. Ó tú aṣọ. Ó wò mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé mi fún ẹlòmíràn.

"Bàbá Sámú," ó ké, "ẹ wá kí bàbá yín. Wọ́n ti di obìnrin."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àgbò náà wà níbi tí wọ́n so ó sí, ó ń jẹ èèpo iṣu. Bàbá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá Dọ́káàsì ti wọlé láti wá wo ìyá mi, òun kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ó dáa. Bí mi ò bá lè mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin lábẹ́ gílóòbù yín, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ya lára ìyàwó yín yìí lánàá. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ojú mi ò rí i. Bí ọwọ́ mi bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹkún lẹ̀ bá máa sun láàárọ̀ yìí."

Ìyá Àgbà sọ fún mi pé bàbá dìde lójú ẹsẹ̀. Ó mú púláyà, ó lọ pe Màlámù Audu, wọ́n dúró títí di ìrọ̀lẹ́ tí ẹrù pọ̀ lórí wáyà, wọ́n wá pa iná, ó sì gun òpó lọ kíákíá. Ó gbé ọwọ́ lé wáyà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fà á kúrò torí ó gbóná. Ó gbé e lé méjì yòókù. Wọ́n tutù bí omi inú tùùlù, ìkòkò amọ̀ àwọn Hausa. Màlámù Audu ti mọ̀ tipẹ́, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó jù ú lọ ni. Láti ìsàlẹ̀ ló ti béèrè pé, "Baba, níbo ló ti ń jò?" Bàbá sọ̀ kalẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Ara mi ni."

Ó lè yí àwọn ilé náà padà sí wáyà méjì yòókù ní jẹ́jẹ́, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún gbé awó dé. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé òun ni òun ba òpópó náà jẹ́, òun sì fẹ́ tún un ṣe. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde nígbà ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bẹ́líìtì òpó ní ìdí.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "èmi ni mo gbé gbogbo yín sórí wáyà kan. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì jẹ awó yín. N kò lè dá awó padà, ṣùgbọ́n màá dá wáyà padà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yọ."

Díákónì dìde. "Ta ló fẹ́ yọ wá kúrò lórí wáyà Ọlọ́run?"

"Díákónì, lórí wáyà Ọlọ́run yẹn náà ni ọmọ-ọmọ mi ti ṣe ọkùnrin mọ́jú."

Ìjọ rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn akọrin. Bàbá dúró títí wọ́n fi dákẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ ya lára ìyá rẹ̀, agbẹ̀bí ò rí i," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó fi rí i wà lókè lórí òpó, ó ń mú wáyà gbóná lásán. Nínú gbogbo wa níbí, ìyàwó ta ló kàn?"

Àwọn aboyún mẹ́rin ló wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà, àwọn ọkọ wọn sì ń wo ilẹ̀. Pásítọ̀ dìde, gbogbo èèyàn tẹrí ba, wọ́n múra sílẹ̀ fún ohun tó gùn. Ó ní, "Olúwa, jẹ́ kí wọ́n yọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àmín." Títí dòní, kò sí àdúrà tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà wáyà, ení, èjì, ẹ̀ta, sára ògiri àwọn ilé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Kò sí ojúsàájú. Díákónì nu tirẹ̀ nù nígbà méjì, bàbá sì tún un kọ. Nígbà ẹ̀kẹta, Díákónì tún mú awó jáde. Bàbá wo awó náà pẹ́ díẹ̀, torí ó fẹ́ràn awó gan-an. Ó ní, "Bàbá, rárá."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí iṣẹ́ náà, ó lọ dúró síwájú ilé Màmá Dọ́káàsì. Gbogbo òpópó tan iná. Gílóòbù Màmá Dọ́káàsì funfun báláú. Obìnrin náà jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ ṣíji bojú. "Bàbá Sámú," ó ní, "ẹ ò ṣe sọ fún mi pé jàǹkárìwọ̀ ti kún ilé mi báyìí?"

Iṣẹ́ náà ní ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò fóòmàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé tirẹ̀ ni, wọ́n fi fún ẹlòmíràn lọ́dún náà, torí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó fẹ́ ipò náà. Ó dùn ún. Ó fẹ̀yìn tì láìgbà á. Bí Ìyá Àgbà bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Ó sọnù lójú ọ̀nà ni," á sì lọ wá nǹkan tó dẹ̀ tó lè fún.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, mo sì rántí ìyẹn fúnra mi. Èmi àti bàbá jókòó síwájú ilé agbẹ̀bí lórí àga, iná ń tàn jáde láti ojú fèrèsé. Màmá Dọ́káàsì yọ orí síta. "Ọkùnrin ni."

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ẹ wọlé wá wò ó fúnra yín. Iná wà."

Ó wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, mo béèrè bóyá ó fẹ́ gba orúkọ Babátúndé padà lọ́wọ́ mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí mi. "Fún kí ni?" ó ní. "Ìwọ lo gbé iná wá sí òpópó yìí." Sólómọ́nì ni wọ́n sọ àbúrò mi.

Òmìnira ti dé, mo sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá kú, ní àsìkò ọyẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Wọ́n ti fèrèsé nítorí eruku, wọ́n sì tan gílóòbù. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé iwájú orí rẹ̀. Ó tutù. Mo gbé e lé ọwọ́ rẹ̀, ó tutù. Mo sunkún, torí mo wá ooru kiri ara rẹ̀, n kò rí i.

Màmá Dọ́káàsì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ti di arúgbó gan-an, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì nítòótọ́. Ẹnì kan fẹ́ pa gílóòbù, ó ní ọ̀sán ni, kí wọ́n má fi iná ṣòfò lórí òkú. Màmá Dọ́káàsì ní kó fi í sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó tẹrí ba, ó sì wo bàbá lójú fún ìgbà pípẹ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Ìyá Àgbà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bóyá ó rí i.

"Mo rí i dáadáa," ó ní. "Ọkùnrin ni."